‘Pounding’ àbí ‘to pound’? Ìfiwéra fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ prámárì márùn-ún kan ló kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé: ‘I enjoy to pound yam.’ Mo fi báírò pupa fa ‘to pound’ yọ, mo kọ ‘pounding’ sókè rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba, níbí ní Adó-Èkìtì, ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ mi ṣì? Ó gbádùn láti gún iyán, ohun tó kọ náà nìyẹn. Ojú mi ló ṣe ń gún un.”

Mo ní, “Màmá, Yorùbá ló sọ ‘láti’ sí i létí. Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbà á níbẹ̀.”

“Kí ló dé tí kò fi gbà á?”

Mo lanu, n kò rí nǹkan gidi kan sọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn: tíṣà á kọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe sójú pátákó, apá kan gba ‘-ing’, apá kejì gba ‘to’, a ó há wọn sórí, ìdánwò á kọjá, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi tíṣà wa ní ‘kí ló dé’. Ìbéèrè ìyá oníṣu yẹn ni mo ń dáhùn níbí. Mo fẹ́ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sì fi Yorùbá wa ṣe òṣùwọ̀n, torí mo ti rí i pé ibi tí Yorùbá ti lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ibi tó ti ń ṣì wá lọ́nà lọ.

A ní tiwa nílé

Ohun tí àwọn onígírámà ń pè ní gerund kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n sọ di orúkọ ni. Gẹ̀ẹ́sì mú ‘pound’, ó so ‘-ing’ mọ́ ọn nídìí, ó di ‘pounding’. Yorùbá mú gún, ó ya kọ́ńsónáǹtì iwájú rẹ̀ lò, ó fi í olóhùn òkè tì í, ó gbé e ṣáájú: gígún. Sè di sísè, kà di kíkà, lọ di lílọ, wẹ̀ di wíwẹ̀, gbìn di gbígbìn. Tiwa dé fìlà, tiwọn so ìrù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. ‘To pound’ náà ní ẹnìkejì nílé: láti gún. Kí ọmọ Èkìtì tó jókòó síwájú tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń fi méjèèjì sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kò kàn mọ orúkọ wọn ni.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé bí a bá fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ á bàjẹ́. Mo máa ń rán wọn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ prámárì ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan kan wà tó yẹ ká tètè mú kúrò lọ́nà. Yorùbá fẹ́ràn kí àbọ̀ ṣáájú: iyán gígún, omi pípọn, aṣọ fífọ̀, oko ríro. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi iṣẹ́ náà ṣáájú, kí ohun tí a ń ṣe é sí wá tẹ̀lé e: ‘pounding yam’, ‘fetching water’, ‘washing clothes’, ‘weeding the farm’. Ọmọ tó bá kọ ‘My work is water fetching’ ti ń fi ètò omi pípọn kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kó yí i padà sí pípọn omi ná, torí Yorùbá gba ìyẹn náà, kó tó wá tú u.

‘Ń’ àti ẹni tó dé fìlà

Kí a tó fi ‘-ing’ wé ‘to’, ẹ jẹ́ ká fi ‘-ing’ wé ara rẹ̀, torí aṣọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ fún ẹni méjì. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

‘My mother is pounding yam.’ Ìyá mi ń gún iyán.
‘Pounding yam is hard work.’ Iyán gígún, iṣẹ́ ńlá ni.

Ojú ọmọ kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ etí rẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nínú Yorùbá kíákíá. Bí Yorùbá bá fi ‘ń’ sí i, iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì á sì fẹ́ ‘am’, ‘is’, ‘are’, ‘was’ tàbí ‘were’ ṣáájú rẹ̀. ‘My mother pounding yam’ kò pé. Bí Yorùbá bá dé fìlà fún un, gerund ni, ó lè dá dúró bí orúkọ. Bí ó bá ṣì rú ọmọ lójú, kó yọ ọ̀rọ̀ náà, kó fi ‘it’ dípò rẹ̀. ‘It is hard work’ dán mọ́rán. ‘My mother is it’ kò ní ìtumọ̀ tí a ń wá.

Ẹnìkan lè bi mí pé omi gbígbóná wá ń kọ́, tí ‘boiling water’ náà ní ‘-ing’. Ìyẹn ń ṣe àpèjúwe omi, ó sì tún jẹ́ ibi tí èdè méjèèjì ti ṣe ohun kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, kò sí nínú ìjà tòní.

Ibi tí kò sí yíyàn

Ibi méjì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní láti ronú púpọ̀, ‘-ing’ ni kó mú.

Àkọ́kọ́ ni ibi olùwà, níwájú gbólóhùn. ‘Farming feeds us.’ ‘Climbing Olosunta makes me tired’ (òkè ńlá kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni Olosunta). Gẹ̀ẹ́sì mọ ‘To farm is hard’ náà o, kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ ó máa ń dún bí ìwàásù. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù. Ohun tó ń mú àwọn ọmọ mi ṣubú níbẹ̀ yàtọ̀: wọ́n á kọ ‘Selling yams are hard’ nítorí pé iṣu pọ̀. Iṣu lè pọ̀ tó òkìtì mẹ́wàá, títà wọn ọ̀kan ṣoṣo ni, nítorí náà ‘is’ ni. Lára ògiri àti lẹ́bàá títì náà la ti ń rí irú orúkọ yìí: ‘No Parking’, ‘No Smoking’. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ka ‘-ing’ tí wọ́n bá rí láàrin ilé àti ilé ìwé, kí wọ́n wá ròyìn fún mi. Ó yá ju ìwé lọ.

Èkejì ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-atọ́kùn: ‘after’, ‘before’, ‘without’, ‘by’, ‘for’, ‘of’, ‘in’, ‘at’, ‘about’. Níbí, Yorùbá kò ní ràn yín lọ́wọ́, ó máa ṣì yín lọ́nà ni, torí pé kì í dé fìlà fún ọ̀rọ̀-ìṣe ní irú ibẹ̀ yẹn. A ń sọ pé ó jáde láì jẹun, jẹun lásán. Ọmọ á wá kọ ‘She left without eat.’ Ó yẹ kó jẹ́ ‘She left without eating.’ A ń sọ pé kí n tó sùn, mo máa ń gbàdúrà. Gẹ̀ẹ́sì ní ‘Before sleeping, I pray.’ A ń sọ pé ẹ ṣé tí ẹ wá. Mo ti gbọ́ ‘Thank you as you come’ lẹ́nu àgbàlagbà tó wọ agbádá. ‘Thank you for coming’ ni. A ń sọ pé ó mọ ọbẹ̀ sè. Gẹ̀ẹ́sì lè ní ‘She is good at cooking soup.’

Ẹni tó bá ti dé Ìkọ̀gòsì á ti rí omi méjì níbẹ̀, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé. Mo fi í ṣe àpẹẹrẹ fún kíláàsì mi: ‘The warm water and the cold water flow side by side before meeting.’ Ọmọ kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ló dé tí kì í ṣe ‘before to meet’. Mo ní kó wo ‘before’ bí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti kọ ‘orúkọ nìkan ló lè wọlé’ sí lára. ‘Meet’ gbọ́dọ̀ di orúkọ kó tó wọlé.

Ibi tí yíyàn gan-an wà

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ni wàhálà wà. ‘Want’ gba ‘to’. ‘Enjoy’ gba ‘-ing’. Ta ló pín in bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ibo ni ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ kọjú sí? Ṣé ohun tó ṣì wà níwájú, tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ni ó ń wò? Tàbí ohun tó ti wà lọ́wọ́, tí a ti mọ adùn tàbí ìṣòro rẹ̀?

Ẹ mú fẹ́, retí, pinnu, ṣèlérí, gbà, kọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn ni ‘want’, ‘hope’, ‘decide’, ‘promise’, ‘agree’, ‘refuse’. Gbogbo wọn kọjú síwájú. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé ‘I want to buy yam’, iṣu ṣì wà lórí àtẹ oníṣu. ‘She promised to pay on Friday’: owó kò tíì dé, ó sì lè má dé. ‘He refused to go’: ohun tó kọ̀ kò ṣẹlẹ̀. ‘Plan’ àti ‘learn’ náà wà nínú agbo wọn. ‘To’ ni gbogbo wọn gbà, ó dàbí ọ̀nà tí a kò tíì rìn dé òpin.

Ẹ ṣọ́ra fún fẹ́ ṣá o. Yorùbá kì í fi láti sáàárín níbẹ̀: mo fẹ́ ra iṣu, mo fẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ‘I want buy’ àti ‘I want go’ fi pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ní ti ‘can’, ‘must’, ‘will’, ‘let’ àti ‘make’, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ló ń tẹ̀lé wọn, bí ti lè àti gbọ́dọ̀ wa: mo lè gún un, ‘I can pound it’. Kò sí fìlà, kò sí ìrù.

Ẹ wá wo apá kejì. ‘Enjoy’, gbádùn. Èèyàn kò lè gbádùn iyán gígún tí kò gún. Ọmọ odó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kó ti wà níbẹ̀ rí. Nítorí náà ‘I enjoy pounding yam.’ Yorùbá gba gbádùn láti gún, ó sì gba gbádùn iyán gígún. Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Èsì tó yẹ kí n ti fún ìyá oníṣu ní ìrọ̀lẹ́ yẹn nìyẹn.

‘Finish’ náà: a kò lè parí ohun tí a kò ṣe. Tán ni Yorùbá sábà máa ń fi sọ ọ́. Mo ti jẹun tán: ‘I have finished eating.’ Nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ tán lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ ronú ‘finish’ pẹ̀lú ‘-ing’, ẹ má kọ ‘I have finish to eat’ tàbí ‘I have eat finish’. ‘Keep’ ni ti ṣáá: ọmọ náà ń sunkún ṣáá, ‘The baby keeps crying.’ ‘Miss’ ni ti àárò: àárò iyán jíjẹ ń sọ mí, ‘I miss eating pounded yam.’ Ọmọ Èkìtì tó bá ti lo oṣù mẹ́ta ní Èkó kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún un. Ẹ fi ‘practise’ àti ‘give up’ kún wọn.

Kí n má purọ́ fún yín, ìlànà yìí ń jò. ‘Suggest’ kọjú síwájú, síbẹ̀ ‘-ing’ ló gbà: ‘She suggested going to Ikogosi’, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì lọ. ‘Avoid’ àti ‘consider’ ń ṣe irú rẹ̀. Ní apá kejì, ‘manage’ gba ‘to’ nígbà tí iṣẹ́ ti parí: ‘He managed to climb Olosunta’, ọkùnrin náà ti gun òkè ọ̀hún ná, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ há sórí. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọn kò pọ̀, ìka ọwọ́ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kà wọ́n tán. Mo fara mọ́ kí ọmọ há díẹ̀ sórí kí ìyókù sì yé e, ju kó há gbogbo rẹ̀ sórí kó má mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀nà méjì

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀ wà tó gba ‘-ing’, tó sì gba ‘to’, àmọ́ tí ìtumọ̀ á yí padà pátápátá. Ibí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ibí ni Yorùbá ti ń gbé wa lékè.

‘The driver stopped eating.’ Awakọ̀ dá oúnjẹ jíjẹ dúró.
‘The driver stopped to eat.’ Awakọ̀ dúró láti jẹun.

Ẹ kíyè sí i: Yorùbá náà ti yan jíjẹ fún ti àkọ́kọ́, ó yan láti jẹ fún ti èkejì, ó ti bá wa ṣe iṣẹ́ náà tán. Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò láti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ìyàtọ̀ náà á yé yín dáadáa. Ní ti àkọ́kọ́, ó gbé àwo sílẹ̀, ẹ ti fẹ́ máa lọ. Ní ti èkejì, ẹ wá nǹkan fi jókòó. Àpẹẹrẹ mìíràn: ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. ‘In 1996, Ekiti stopped being part of Ondo State.’ Bí ọmọ bá kọ ‘stopped to be’, á dàbí ẹni pé Èkìtì dúró lójú ọ̀nà kó lè di ara Òǹdó.

Ní ti ‘remember’, ẹ wo èyí tó ṣáájú nínú ohun méjì tó ṣẹlẹ̀. ‘I remember locking the door’: mo rántí pé mo ti ilẹ̀kùn. Títì ṣáájú, rírántí tẹ̀lé e. ‘Remember to lock the door’: rántí láti ti ilẹ̀kùn. Rírántí ló ṣáájú, títì ń bọ̀ lẹ́yìn. Yorùbá kò lo fìlà níbí, pé ló lò. Ẹ di ìyẹn mú: rántí pé, ‘-ing’, rántí láti, ‘to’. ‘Forget’ ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. ‘I forgot to bring my book’ ni àwíjàre tí mò ń gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, ìwé náà kò dé. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé ‘I will never forget seeing Olosunta for the first time’ ti rí òkè náà ní Ìkẹ́rẹ́, kò sì ní gbàgbé rẹ̀.

‘Try’ ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo fi Yorùbá wò ó. ‘I tried to lift the mortar’: mo gbìyànjú láti gbé odó náà. Agbára ló ná mi, ó sì ṣeé ṣe kí odó má kúrò nílẹ̀. ‘Try adding salt’: fi iyọ̀ sí i wò. Fífi iyọ̀ sí ọbẹ̀ kò le, a kàn fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Wò kékeré tí a máa ń fi sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn, tọ́ ọ wò, wọ̀ ọ́ wò, pè é wò, ‘try’ pẹ̀lú ‘-ing’ gan-an ni: ‘try tasting it’, ‘try wearing it’, ‘try calling her’. N kò rí i nínú ìwé gírámà kankan tí wọ́n fi kọ́ mi. Obìnrin kan tó ń ta ọbẹ̀ ló sọ ‘tọ́ ọ wò’ fún mi ní ọjọ́ kan, mo sì dúró gbọnin pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

‘Need’ kéré sí wọn. Bí èèyàn bá ni olùwà, ‘to’: ‘I need to sharpen the cutlass’, mo ní láti pọ́n àdá. Bí nǹkan tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ sí lára bá ni olùwà, ‘-ing’: ‘The cutlass needs sharpening’, àdá náà ń fẹ́ pípọ́n.

Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé

‘Like’, ‘love’, ‘hate’, ‘start’, ‘begin’, ‘continue’: ẹ mú èyí tó wù yín. ‘I like reading’, ‘I like to read’, kò sí ìjà. Bí ẹ bá fẹ́ kí n yan fún ọmọ kékeré, màá ní kó mú ‘-ing’ lẹ́yìn ‘like’ àti ‘love’, kó lè bá ‘enjoy’ mu, orí rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ohun méjì ni kó ṣọ́. ‘Would like’ kì í ṣe ‘like’ mọ́, fẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí náà ‘to’ nìkan ló gbà: ‘I would like to see the headmaster.’ Bí ‘start’ bá sì ti wọ ‘-ing’ fúnra rẹ̀, ẹ má to ‘-ing’ lé ‘-ing’: ‘It is starting to rain’, ẹ fi ‘It is starting raining’ sílẹ̀.

‘To’ tí kì í ṣe ‘to’

Fún ọdún púpọ̀, gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo kọ ló parí sí ‘I look forward to hear from you.’ Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ló bá mi ka ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ‘to’ yìí kì í ṣe èyí tí o rò o.” Yorùbá ló tàn mí: mò ń retí láti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín. ‘To’ inú ‘look forward to’ jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn bíi ‘for’ àti ‘at’, ẹnu ọ̀nà orúkọ nìkan ni. ‘I look forward to hearing from you.’

Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ ni kí ẹ fi ‘it’ sí ẹ̀yìn ‘to’. ‘I look forward to it’ ṣeé sọ, ‘-ing’ ni. ‘I want to it’ kò ṣeé sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ni. Ẹ fi wo ‘used to’ náà, torí ó ní ojú méjì. ‘I used to wake up early’: tẹ́lẹ̀ mo máa ń jí ní kùtùkùtù, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. ‘I am used to waking up early’: jíjí ní kùtùkùtù ti mọ́ mi lára. ‘Am’ yẹn ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà.

Ní ti bí a ṣe ń kọ ‘-ing’ sílẹ̀, kò gba àkókò. ‘E’ ìparí tí a kì í pè máa ń jáde: ‘write’, ‘writing’, ‘dance’, ‘dancing’. ‘See’ kò yọ tirẹ̀: ‘seeing’. Ọ̀rọ̀ kúkúrú bíi ‘run’, ‘sit’ àti ‘swim’ máa ń sọ kọ́ńsónáǹtì ìparí wọn di méjì: ‘running’, ‘sitting’, ‘swimming’. ‘Open’ kì í sọ tirẹ̀ di méjì, ‘opening’ ni. ‘Lie’ di ‘lying’. ‘Study’ kò yọ nǹkan kan: ‘studying’.

Ìyá oníṣu padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kò wá bá mi jà lórí gírámà mọ́, páálí kan ló mú dání. Ó ní àwọn èèyàn ń tẹ iṣu òun wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn á tẹ̀ ẹ́, wọn á yí i, wọn á lọ. Òun fẹ́ kí ọmọ òun fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìkìlọ̀ sí i. Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo páálí, ó fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà: ‘No touching without buying.’

Ìyá rẹ̀ ní kó kà á fún òun. Ó gbọ́ ọ tán. “Kò sí ‘láti’ kankan níbẹ̀?”

“Kò sí, Màmi.”

Ó gbé páálí náà sórí iṣu lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka ìkìlọ̀ náà sókè ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí iṣu.